Tẹlifíṣàn Tí Mo Fi Àlá Yàn

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ti Èkó dé ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo máa ń dìde láìsí ohun tí mo fẹ́ mú, màá lọ sí ẹnu ọ̀nà, màá tún padà wá jókòó. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, màá gbàgbé ibi tí a kà dé, àwọn ọmọ ni yóò rán mi létí. Ìyàwó mi ní mo ti di adìyẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí yìí ni àkọ́bí bàbá wa. Télọ̀ ni ní Èkó, kóòtù àti agbádá ló ń rán. Nígbà tí bàbá wa kú, mo ṣì kéré, òun ló mú mi lọ́wọ́ láti Ẹ̀sìẹ́, ìlú wa, lọ sọ́dọ̀ àáfà àgbà kan ní Rore, pé kí ó kọ́ mi ní kéwú. Òun náà ló ń fi owó oúnjẹ mi ránṣẹ́ títí mo fi parí. Ohunkóhun tí mo bá dà lónìí, lẹ́yìn Ọlọ́hun, òun ni.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ẹ̀mí kò bọ́. Ẹnu rẹ̀ padà sípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà padà. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù. Ó lè gbé e sókè, ó lè fi di nǹkan mú, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e kì í fẹ́ gbọ́ràn. Ìka méjì yẹn ni télọ̀ sì fi ń jẹun.

Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò lè fi sílẹ̀ ní Èkó, ni wọ́n bá ní kí ó wá sinmi lọ́dọ̀ mi nílé. Ó kó aṣọ díẹ̀ wá, ó kó oògùn rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù kan sínú àpò ọ̀tọ̀, ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Ó ní bí ọwọ́ bá dilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun àti àwọn oníbàárà òun ni àwọn máa ń gbá a, ẹni tó bá sì jẹ góòlù jù, yẹ̀yẹ́ ni wọn yóò fi ṣe títí yóò fi gba aṣọ rẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ń tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ní ọsibítù ti sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ń mú ìka ṣiṣẹ́ ni kí ó máa ṣe. Kí ó máa ṣa ẹ̀wà, kí ó máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà, kí ó sì máa gbá géèmù rẹ̀ bí ó bá wù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ní ti ẹ̀wà ṣíṣà, òun kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Géèmù ló yàn.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn tó wà ní pálọ̀ mi, ti àtijọ́ oníkùn ńlá ni, kò ní ojúhò tí a lè ki okùn ẹ̀rọ náà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí i ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Àáfà, ṣé lọ́wọ́ àwọn ère òkúta àtijọ́ Ẹ̀sìẹ́ yìí lo ti jogún èyí ni?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú ara mi pé tẹlifíṣàn tó dára jù lọ ni yóò fi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn yóò bá padà, mo fẹ́ kí ó padà nínú ilé mi.

Sátidé ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo yà sí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Àgbàdo sísè ló ń jẹ, tẹlifíṣàn sì tò lẹ́yìn rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Èmi rò pé bí ó ṣe fẹ̀ tó nìkan ni wọ́n fi ń ra tẹlifíṣàn. Ó ní ó tì o. Ó ní àwòrán tí mo ń rí yẹn, àmì wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù òun ní ìlà 720, èyí tó tẹ̀ lé e ní 1080, èyí tí wọ́n ń pè ní 4K sì ní ìlà ìlọ́po méjì ti 1080. Ó mú mi sún mọ́ 720 kan tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní kí n wo etí bọ́ọ̀lù náà. Mo rí i pé ó rí págunpàgun bí eyín ayùn. Nígbà tó mú mi dé iwájú 4K, mo lè rí òógùn lọ́rùn àwọn tó ń sáré.

Ó bi mí irú ẹ̀rọ géèmù tí a ní. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ó wò ó, ó jẹ àgbàdo díẹ̀ sí i.

"Àáfà, ẹ̀rọ yín yìí ti dàgbà," ó ní. "1080 ni agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá so ó mọ́ 4K yìí, tẹlifíṣàn ni yóò máa kọ́kọ́ fẹ àwòrán yẹn lójú kí ó tó gbé e jáde. Fífẹ̀ ọ̀hún ń gba àsìkò. Kò tó nǹkan o, àmọ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù á mọ̀ ọ́n lára."

Ó ní àwọn 4K kan wà tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà sí fún géèmù, tí wọn kì í fi í falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò ní in. 1080 ni kí n gbé. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe èyí tó ga jù ló dára jù ni. Ó ní, "Bí bàtà bá tóbi ju ẹsẹ̀ lọ ńkọ́?"

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Ohun tó dùn mí ni pé èmi tí gbogbo ìlú ń kí ní Àáfà, ẹni tó ń jẹ àgbàdo lórí àga ṣọ́ọ̀bù ni ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní màá lọ rò ó.

Nínú ẹ̀sìn wa, bí nǹkan méjì bá dojú kọ ènìyàn tí kò mọ èyí tí yóò mú, yóò kí rákáà méjì, yóò sì tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí Ó yan èyí tó dára fún un. Ìsítíkárà là ń pè é. Àáfà mi ní Rore kọ́ wa yé yékéyéké pé kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ojú àlá ni ìdáhùn yóò gbà wá. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa, bí o bá ti ní o ṣe ìsítíkárà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Kí lo rí?" Láti kékeré ni etí mi ti gbọ́ "kí lo rí" ju ẹ̀kọ́ àáfà mi lọ.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àìlá ọ̀sán, mo ṣe é. Mo sì na ara sílẹ̀ lórí ẹní. Mo lá àlá pé mo dúró létí odò kékeré tó wà lọ́nà oko wa. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkúta mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo sì ń rí ìlà tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ta jí, mo ní Ọlọ́hun tóbi. Omi tó mọ́ gaara, òkúta mẹ́rin. Kí ló tún kù tí kì í ṣe 4K?

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ní ọjọ́ Ajé mo padà sí Òmù-Àrán. Obìnrin náà bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní Ọlọ́hun ló yàn án. Ó wò mí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Àáfà. Mi ò lè bá Ọlọ́hun ná ọjà."

Nígbà tí a gbé e kalẹ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n mi pariwo ayọ̀. Ó ní òun ń rí koríko pápá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo tún kírun ọpẹ́. Ó mú páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Ó tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹni rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sílé, kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀, àwọn tọ̀hún ti gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ara òun kò tíì yá. Ó tún un gbá, wọ́n fún un ní góòlù mẹ́fà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fún un ní méje.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe kọjá, tí èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà tán. Ó máa ń gbá a fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò gbé páàdì sílẹ̀, yóò máa wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní kí òun tó kúrò ní Èkó, òun gbá géèmù yìí ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ náà kò burú tó báyìí nígbà yẹn. Ó ń padà sẹ́yìn ni. Èmi ń jáde, mo ń wọlé. Mo ń tọrọ àdúà lórí omi fún un, ó ń mu ún.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán tán, ó sọ fún mi pé òun ti bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó tà wọ́n. Ẹni tó fẹ́ rà wọ́n yóò wá wò wọ́n ní Sátidé.

"Ẹ̀rọ kì í ṣe òkú tí à ń ṣọ́," ó ní. "Kí ẹni tí yóò lò ó gbà á."

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ̀wẹ̀sì, ó lọ jókòó tì í, ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ẹ kọ́ èmi náà." Wọ́n gbá a díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń fún adìyẹ lóúnjẹ, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi.

"Àáfà, ṣé ọwọ́ tèmi náà ń ṣàìsàn?"

Mo ní báwo.

"Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ìgbà tí mo ti gbàgbé pé mo tẹ̀ ẹ́ ló wá lọ."

Mo dúró títí ẹ̀gbọ́n mi fi lọ wẹ̀, mo mú páàdì náà fúnra mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń gé igi ní òkèèrè rí? Àáké yóò ti balẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé etí yín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọwọ́ mi tó le koko ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ẹni orí tẹlifíṣàn sì ń falẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin Òmù-Àrán sọ padà sí mi létí, láti orí títí dé ìdí.

Ó yẹ kí n sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀. N kò lọ. Mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé Ọlọ́hun ló yan tẹlifíṣàn yìí. Bí mo bá wá ní kò dára, kí ni mo ń sọ nípa Ẹni tí mo ní Ó yàn án? Mo ní màá sọ ọ́ ní àárọ̀, àárọ̀ mọ́, n kò sọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í bóyá ó fẹ́ mu omi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí a ṣe kírun tán, mo gun ọ̀kadà lọ sí Rore. Àáfà mi ti darúgbó, abẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ń rin orín. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ ohun gbogbo: obìnrin náà, ìrun náà, odò, òkúta, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í bóyá ìsítíkárà lè ṣì ènìyàn lọ́nà.

Ó yọ orín lẹ́nu. "Ta ló ní kí o máa ka òkúta?"

Ó ti orín náà sí àpò.

"O bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi ọ̀nà hàn ọ́," ó ní. "Kí o tó bẹ̀ Ẹ́ rárá ni Ó ti fi ẹni tó mọ̀ ọ́n sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn tí o bẹ̀ Ẹ́ tán, ẹni yẹn tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá ọ lójú. Ìyẹn kò tó ọ. Omi ojú oorun ló tó ọ."

Mo ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tíì sọ ọ́ nílé, kí àwọn ènìyàn má bàa rò pé Ọlọ́hun ṣàṣìṣe.

"Kì í ṣe Ọlọ́hun lo ń gbèjà. Ojú ara rẹ ni. Dìde, máa lọ."

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù, ó ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ ibi tí ó fi òróró ẹ̀rọ pamọ́ sí, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí i lò. Mo dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọwọ́ yín. Tẹlifíṣàn tí mo rà ni."

Ó rò pé mo fẹ́ tu òun nínú ni. Ó ní kí n dìde, òun kò fẹ́ wáàsí. Mo bá mú páàdì, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó má wo tẹlifíṣàn, àtàǹpàkò mi ni kí ó wò, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, kí ó gbójú sókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè. Ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó tó ìgbà mẹ́jọ tó ní kí n tún un ṣe.

Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlà àti àmì wẹ́wẹ́ fún un, bí tẹlifíṣàn wa ṣe ń fẹ àwòrán kékeré lójú kí ó tó gbé e jáde. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi gbà á lẹ́nu mi.

"Abẹ́rẹ́ tó bá ń rìn wẹ́wẹ́ kì í tètè dé etí aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ oṣù kan mọ ìyẹn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àáfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún Ọlọ́hun pé bí Ó bá fẹ́ gba ọwọ́ yìí, kí Ó yáa gbà á tán. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo ní láti Ọjọ́rú.

Kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ Sátidé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà, àpò ẹ̀rọ géèmù wà léjìká rẹ̀.

"Níbo ni ṣọ́ọ̀bù náà wà?" ó ní.

A di tẹlifíṣàn náà padà sínú páálí rẹ̀, a gbé e lé orí itan nínú ọkọ̀ dé Òmù-Àrán. Bí obìnrin náà ṣe rí wa, ó gbé àga fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kí i dáadáa, ó wá yíjú sí mi.

"Àáfà, ṣé Ọlọ́hun náà ló ní kí ẹ dá a padà ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, èmi náà sì ń wo ilẹ̀. Ó yẹ mí.

Obìnrin náà so ẹ̀rọ náà mọ́ 1080 kan tí kò fẹ̀ tó tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi mú páàdì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè dúró lójú kan, mo ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Mo ń bẹ̀rù pé bí ìyàtọ̀ kò bá sí ńkọ́, bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà gan-an ni ńkọ́? Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni rẹ̀ sáré. Ó tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù lọ. Kò yá bí ti ẹni tára rẹ̀ le. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ń gbọ̀n, nígbà mìíràn ó ń pẹ́ kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n bí ìka náà bá ti lọ, ẹni orí tẹlifíṣàn ti lọ. Ó lọ́ra, ó sì jẹ́ ìlọ́ra tirẹ̀ nìkan, kò sí ti ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ 4K padà. Ó gbá a. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ 720. Ó ní èyí yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè máa wo bọ́ọ̀lù tó ní eyín. Ó tún ní kí wọ́n padà sí 1080. Mo rí i pé kì í ṣe tẹlifíṣàn ló ń yẹ̀ wò mọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń wò.

Ibẹ̀ ni a wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, láti ṣọ́ọ̀bù ní Èkó. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi fi páàdì lé orí itan.

"Èyí tí a fi ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, kí ó gbé e," ó ní. "Ìyẹn ti kọjá agbára mi. Èkejì, tí mo fi ń rán kóòtù, da aṣọ bò ó."

Ìyàwó rẹ̀ bi í ní nǹkan kan tí n kò gbọ́.

"Mi ò mọ ìgbà tó máa jẹ́," ó ní. "Da aṣọ bò ó ná."

Ó fi fóònù sápò, ó sì ní kí obìnrin náà wá bá òun gbá ẹyọ kan kí àwọn tó di 1080 náà sínú páálí. Obìnrin náà fa àga, ó jókòó, kò sì wo ti àìsàn mọ́ ọn lára rárá. Góòlù mẹ́rin ló fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí ó bá jẹ góòlù, ó ń bínú sí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún un, ó ń bínú sí gólì rẹ̀, ó ń bínú sí obìnrin náà. Kò bínú sí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.